Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Gbé Mì Lọ́dún Àǹtí Ìsàlẹ̀

Kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa ni mo ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìdájí, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa gbóná bá ń kùn bí ikùn ẹni tí ebi ń pa, màá gbọ́ gbì, gbì, gbì lórí àtẹ̀gùn basement, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ilé á dún kíín, òtútù á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá mi wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá gbọ́ ohùn Mọ́mì láti yàrá kejì: "Ó ti jáde o. Nínú snow yìí! Bàbá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń lé obìnrin yìí?" Dádì á kọ́kọ́ kùn. Oorun kì í tó wọn, nítorí ìwé epo rọ̀bì tí wọ́n ń kà ní yunifásítì. "Èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán," ni wọ́n máa ń fèsì, "bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e." Mọ́mì á ní, "Ìyẹn náà ni mò ń bèèrè. Èwo ni nínú méjèèjì?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Màá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, màá máa rò ó pé ìkookò kan ló ń lé e létí odò Bow, àti pé lọ́jọ́ kan á sá wọlé tòun ti ìkookò lẹ́yìn. Ẹ̀rù á bà mí, màá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí.

Obìnrin Faransé ni. Odile ni wọ́n ń pè é nílùú wọn, ṣùgbọ́n Àǹtí Ìsàlẹ̀ ló ń jẹ́ nílé wa, torí pé basement wa, yàrá abẹ́ ilé, ló háyà. Níwájú ìyá mi, kò sí ọmọ tó jẹ́ la ẹnu pe àgbà lórúkọ, ì báà jẹ́ òyìnbó. Òun náà ò sì gbọdọ̀ pe Mọ́mì lórúkọ, torí ọdún méjì ni Mọ́mì fi jù ú, àbúrò ló jẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kó wọlé ni Mọ́mì ti nawọ́ sí àyà ara wọn, wọ́n ní, "Me, I am Ìyá Dúpẹ́," ó sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì níbí: ó yẹ kí n máa pe Àǹtí náà ní "wọ́n," bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń pe òun àti ìyá mi ní "wọ́n" pọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, ẹ ò ní mọ ẹni tó ṣubú yàtọ̀ sí ẹni tó gbé e dìde. Ẹ fojú fò ó fún mi. Àǹtí ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ilé-ìwé kan, ṣùgbọ́n eré ló gbé e wá sí Calgary. Wọ́n ti sọ fún un pé ìlú wa ga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, pé ẹni tó bá fi ọdún kan sáré níbẹ̀, èémí rẹ̀ á le. Marathon ni eré tirẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì bèèrè bó ṣe jìnnà tó, Dádì ní kí wọ́n rò ó pé èèyàn gbéra láti ẹnu ọ̀nà wa, ó sáré dé adágún Chestermere, ó tún sáré padà wálé, ó sì ṣì ku díẹ̀. Mọ́mì la ẹnu sílẹ̀. "Ṣé kò sí bọ́ọ̀sì ni?"

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, kí omi snow tó bá wà lára bàtà rẹ̀ má baà ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Á wọlé, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti funfun fún yìnyín, ojú rẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀, á dúró lórí ìwé ìròyìn náà, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mọ́mì á gbé tíì lé e lọ́wọ́ kó tó lè sọ ohunkóhun. Àárọ̀ ilé wa ò ní ìdákẹ́jẹ́: ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí, Fẹ́mi, àbúrò mi tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ń sunkún oúnjẹ, Dádì ń wá ìbọ̀sẹ̀ kan tó sọnù, ọmọrogùn Mọ́mì ń kan etí ìkòkò. Kò sí iṣu ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà bó ṣe wà lónìí. Ìyẹ̀fun ànàmọ́ inú páálí ni Mọ́mì ń rò pọ̀ mọ́ sẹ̀mó, wọn á rò ó títí á fi fà, wọn á ní iyán ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ pé irọ́ ni. Àǹtí Ìsàlẹ̀ máa ń fọwọ́ jẹ ẹ́. Ata ló kọ́kọ́ ṣe é bí ọṣẹ ṣe ń ṣojú, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ata. Inú Mọ́mì dùn débi tí wọ́n fi ń wí fún gbogbo ẹni tó bá fóònù pé, "Òyìnbó mi ti ń jata."

Ohun kan ṣoṣo tó le ni ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn méjèèjì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ara wọn. Ti Mọ́mì wá láti ilé-ìwé obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti Àǹtí gba ihò imú jáde. Bí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀, èkejì á rẹ́rìn-ín músẹ́, á mi orí, á sì yí sí mi: "Dúpẹ́, kí ló wí?" Èmi ni ògbufọ̀ ilé. Màá gba Gẹ̀ẹ́sì Àǹtí, màá sọ ọ́ ní Yorùbá fún Mọ́mì. Màá gba Yorùbá Mọ́mì, màá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì Calgary fún Àǹtí. Kó tó dé, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń fèsì gbogbo ohun tí Mọ́mì bá sọ fún mi, bí àwọn ọmọ mi náà ṣe ń ṣe fún mi báyìí. Òun ló jẹ́ kí Yorùbá ẹnu mi padà. Mo sì gbádùn iṣẹ́ náà. Ọmọ tí wọ́n máa ń lé kúrò nídìí ọ̀rọ̀ àgbà, òun náà ni wọ́n wá ń pè pé kó wá jókòó láàárín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ ṣe fún wọn. Bí Mọ́mì bá ní, "Sọ fún un pé ó ti gbẹ jù, ó dà bí ẹja panla," màá sọ fún Àǹtí pé, "She says you should eat more, please." Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ṣáà rò pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ má dá ìjà sílẹ̀.

Nídìí oúnjẹ ọjọ́ Sunday ni ó ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wa, díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì lábúlé kan létí òkun. Òun ló máa ń gbé búrẹ́dì kiri ojúlé kó tó lọ sílé-ìwé. Bó bá rìn, búrẹ́dì á tutù, àwọn oníbàárà á bú bàbá rẹ̀, ló bá ń sáré. Olùkọ́ kan rí i, ó mú un lọ sí ìdíje. Nígbà yẹn wọn kì í jẹ́ kí obìnrin sáré jìnnà, wọ́n ní ilé-ọmọ rẹ̀ á já bọ́. Nígbà tí mo túmọ̀ èyí, Mọ́mì fọwọ́ lu itan. "Já bọ́ síbo? Ìyá tó bí ìyá mi máa ń ru agbọ̀n ẹja láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ mẹ́sàn-án ló bí! Sọ fún un, Dúpẹ́, má fi ọ̀kan sílẹ̀." Marathon àkọ́kọ́ tí Àǹtí ti gba ipò kìíní, òjò rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan àti ìkòkò kọfí ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n mú un mọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wọn lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ bí ẹni ìdúródè, tí yóò sáré kìkì bí ẹnìkan bá ṣàìsàn. Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú wọn, ó jókòó láàárín òǹwòran pẹ̀lú bàtà eré lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn. Ọkọ tó ní nígbà náà ní kó yan òun tàbí eré, ó yan eré. Gbẹ̀yìn gbẹ́yín, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó já eré méjì sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà, ni wọ́n bá sọ pé kò lè parí eré mọ́. Dádì, tí kì í sọ púpọ̀ lórí oúnjẹ, gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ohun tó wu èèyàn ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì bu ẹran kún tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí snow yọ́ tán ni lẹ́tà kan dé láti Faransé. Èmi ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀ fún un. Ó kà á lórí ìdúró, ó jókòó, ó tún un kà, ó wá gòkè wá bá wa ní kíṣìnnì. Àwọn aláṣẹ eré ìlú wọn ní àwọn ṣì ní àyè kan. Bó bá lè parí marathon kan kí oṣù Keje tó tán, kó sì parí rẹ̀ láàárín àkókò tí àwọn kọ síbẹ̀, á sáré fún Faransé, kì í ṣe bí ẹni ìdúródè mọ́. Bí kò bá lè parí, kó má wulẹ̀ kọ̀wé sí àwọn mọ́, àwọn ọ̀dọ́ ti ń dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ìgbà ìkẹyìn nìyẹn. Marathon kan sì wà ní ìlú wa níbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Mọ́mì fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà àárọ̀ wa, lẹ́yìn ìdánwò Dádì àti kí wọ́n tó kan PR, ìwé ìgbélùú wa. Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí á jókòó sórí àtẹ̀gùn, Mọ́mì á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, wọn á fi òrí tí ìyá wọn fi ránṣẹ́ láti ilé ra á láti orókún dé gìgísẹ̀, wọn á fi tówẹ̀lì gbígbóná dì í. Wọn kì í sọ nǹkan kan fún ara wọn. Ìgbà yẹn nìkan ni wọn ò nílò mi, mo sì máa ń jowú díẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú eré, Àǹtí pè mí sídìí tábìlì kíṣìnnì, ó fa ìwé kékeré kan yọ. Mọ́mì ń se màkàrónì, torí Àǹtí ti sọ pé oúnjẹ tó ń fún ni lókun ni òun fẹ́ jẹ. Ó ní kí n sọ fún Mọ́mì pé kí a dúró lẹ́bàá afárá, níbi tí eré ti fẹ́ parí. Mo sọ ọ́. Kí a mú tówẹ̀lì àti aṣọ gbígbẹ dání. Mo sọ ọ́. Kí a má gbé omi wá, omi wà lórí tábìlì àwọn tó ń darí eré. Mo sọ ìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mọ́mì kùn. Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Nobody touches me. If I walk, if I vomit, if I fall, nobody touches me. If somebody touches me, it is finished. Tell her, Doupé. It is important." Mọ́mì yíjú láti ìdí iná. "Kí ló wí?" Mo la ẹnu, mo sì pa á dé. Ẹ bá mi wò ó. Ìyá tó ń fi òrí ra ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí n wá kọjú sí wọn kí n ní, "Ó ní kí ẹ má fọwọ́ kan òun"? Nílé wa, ẹni tó bá sọ pé "má fọwọ́ kàn mí," ìjà ló ń jà. Èmi tí wọ́n ti gbá lẹ́nu rí nítorí pé mo ní "leave me alone" fún Fẹ́mi! Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, á dun Mọ́mì, wọn ò sì ní ra ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Mo ní, "Ó ní kí ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún òun." Mọ́mì rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó yẹ kó tún sọ ìyẹn ni?" Wọ́n gbé àtàǹpàkò sókè sí Àǹtí, pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́: "No problem! We will do it!" Àǹtí mí kanlẹ̀. Ó fi ẹnu ko orí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì nìyẹn, kò sì dùn mí lọ́fun rárá lọ́jọ́ náà.

Oòrùn mú lọ́jọ́ kejì bí ẹni tó ń gbẹ̀san òtútù. Dádì ń ṣe ìdánwò, kò lè bá wa lọ. Èmi, Mọ́mì àti Fẹ́mi la wọ train lọ sí àárín ìlú, Fẹ́mi lẹ́yìn Mọ́mì, tí wọ́n fi ìró àdìrẹ pọ̀n, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀ wọn. A dúró lẹ́bàá afárá níbi tó sọ. A ń wo aago ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sókè ibi tí eré parí sí. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ kọjá, lẹ́yìn náà obìnrin kan, òmíràn, lẹ́yìn náà ni mo rí i. Ó ku nǹkan bí ojúlé mẹ́wàá kó débi aago náà. Àkókò tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà ò tíì pé, mo mọ̀ ọ́n sórí, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ṣì wà. Mọ́mì ń hó, "Ó ti dé! Àbúrò mi ti dé!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lọ́. Ó ta gìẹ̀gìẹ̀, ó fi orókún lélẹ̀, ó wá dà sílẹ̀ gbọnrangandan lórí títì gbígbóná. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wá ilẹ̀ tó máa fi dìde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí Yorùbá tí a tọ́ dáadáa tó máa rí ẹni tó ṣubú tí kò ní sọ pé pẹ̀lẹ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ló tì í. Bí ẹnu bá sì ti sọ ọ́, ọwọ́ á tẹ̀lé e. "Dúpẹ́, gba báàgì," ni Mọ́mì wí.

Mo mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. "Mọ́mì" dé orí ahọ́n mi, ó dúró síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń sọ fún ara mi pé ọmọdé kì í dá ìyá rẹ̀ lẹ́kun láàárín àjèjì, pé ẹ̀kọ́ ilé ló dè mí lẹ́nu. Irọ́ ni. Bí mo bá kígbe pé ẹ má fọwọ́ kàn án, wọ́n á bi mí pé, "Ta ló sọ fún ọ? Ìgbà wo ló sọ ọ́?" Ojú ló ń tì mí. Mọ́mì ti bọ́ sí títì, orí Fẹ́mi ń mì lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun ń pariwo, "Don't touch her! Ma'am! Don't touch her!" Mọ́mì rò pé wọ́n ń lé àwọn torí pé àwọn dúdú ni, wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà, wọn ò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, àbúrò mi, pẹ̀lẹ́." Wọ́n kó ọwọ́ sí i lábíyá, wọ́n gbé e nàró. Àǹtí ń tì wọ́n, ó ń sọ pé "non, non," ṣùgbọ́n kò lókun tí yóò fi ti ọmọ ìkókó. Wọ́n nu itọ́ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró wọn, wọ́n tọ́ ọ sọ́nà bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, wọ́n wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó sá. Ó sá bí ẹni tí kò rí iwájú, ó kọjá lábẹ́ aago náà, àkókò ò tíì pé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, Mọ́mì sì jó. Láàárín títì, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ìyá mi jó.

Wọn ò tíì jó tán tí ọkùnrin onífìlà funfun fi dé ọ̀dọ̀ Àǹtí pẹ̀lú ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi gègé fa ìlà gba orí nọ́ńbà eré tó wà láyà rẹ̀. Àǹtí wo ìlà náà. Kò sunkún. Ó tú nọ́ńbà kúrò láyà, ó ká a ní méjì, ó tún un ká. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó dúró tì wá ló ṣàlàyé fún Mọ́mì: wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀, torí ẹnìkan ràn án lọ́wọ́. Mọ́mì ní kí n túmọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara ni. Mo túmọ̀ rẹ̀. A wọ train padà sílé. Àǹtí kọjú sí fèrèsé.

Nígbà tí a délé, Mọ́mì sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Àǹtí jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, èékánná ẹsẹ̀ méjì ti dúdú. Mọ́mì kúnlẹ̀. Ìyá mi tó fi ọdún méjì jù ú, wọ́n fi eékún méjèèjì lélẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì ń sunkún. "Bi í léèrè. Bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ká ní ó sọ ọ́, ǹ bá ti so ara mi mọ́ igi!" Mo túmọ̀ ìyẹn pérépéré, mi ò tún ohunkóhun ṣe. Àǹtí gbé ojú sókè, kò wo Mọ́mì, èmi ló wò. Ó wò mí pẹ́. Mo ń wo èékánná dúdú yẹn. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Mo ń retí kó sọ ọ́, kí wọ́n nà mí, kó tán. Ó ní, "Tell her I forgot." Mo kọjú sí ìyá mi, mo ní, "Ó ní òun gbàgbé ni." Mọ́mì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Mo gòkè, mo lọ tẹ́ ìwé ìròyìn sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì sí snow níta.

Kò sáré fún Faransé rí. Ó padà sílé nínú oṣù Kẹjọ, a sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú, òun àti Mọ́mì dúró lápá kan fún ìgbà díẹ̀, mi ò sún mọ́ wọn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé rẹ̀ ní eré títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún nígbà Kérésì lẹ́tà rẹ̀ ń dé, ó máa ń kí mi níparí, mi ò sì fèsì rí. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wẹ̀yìn wò. Ti èmi yàtọ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wẹ̀yìn wò. Mo ṣègbéyàwó, mo bímọ, mo di ẹnjiníà bíi ti Dádì, a sìnkú Dádì, a kólé sí àdúgbò Skyview Ranch níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ń gba orí òrùlé kọjá, Mọ́mì wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Bí ọmọ mi bá sì ní, "Grandma, what was the French lady like?" màá rí iṣẹ́ ṣe ní yàrá mìíràn.

Ọjọ́ Saturday kan nígbà ẹ̀rùn tó kọjá ni èmi àti Mọ́mì jọ ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní Àǹtí Ìsàlẹ̀ ti fi fọ́tò ránṣẹ́, ó ti ń fi igi rìn. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Mọ́mì, Àǹtí ò gbàgbé. Ó sọ fún mi pé kí n sọ fún yín. Èmi ni mi ò sọ ọ́." Ọwọ́ wọn ò dúró lórí ẹ̀wà náà. Wọ́n mú òkúta kan, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. Mo ní, "Ẹ mọ̀ báwo?" Wọ́n ní, "Ó rọra sọ ọ́ fún mi ní pápákọ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀ títí ó fi yé mi. Ó mú mi búra pé mi ò ní nà ọ́, mo sì búra. Ṣùgbọ́n mo dá tèmi náà kún un, pé mi ò ní bi ọ́, ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ ọ́." Omi ti bọ́ lójú mi. "Mọ́mì, láti ìgbà yẹn?" "Ó pẹ́ o, Dúpẹ́. Mo ti ń rò ó pé màá kú kó o tó sọ ọ́. Inú bí mi, má parọ́ fún ara rẹ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo ṣẹ̀ jù." Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n ti fóònù wọn sún mọ́ mi. "Pè é."

Ó gbé e. Ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ihò imú náà ló ṣì ń gbà. Mo ti wà lórí eékún kí n tó mọ̀, bíi pé ó lè rí mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tó ní kí n sọ, ohun tí mo sọ, bí ẹnu mi ṣe dúró lẹ́bàá afárá. Ó jẹ́ kí n parí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi fèsì, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀. Ó wá ní, "Dúpẹ́, mo ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí tìẹ, mi ò ní parọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Inú bí mi sí ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọdé ni ọ́, ojú ń tì mí pé mò ń bínú sí ọmọdé, síbẹ̀ mò ń bínú." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n inú ò bí mi sí ìyá rẹ rí. Gbogbo ọdún tí mo fi sáré, bí mo bá ṣubú, aago ni gbogbo èèyàn ń wò. Òun nìkan ló wò mí." Mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ dárí jì mí."

Ó ní òun gbọ́, pé kí n ṣáà tún un sọ. Mo tún un sọ.